Mo Gbọ́ Ohùn Ẹlẹ́kọ Níta: Ṣé Hipinọ́sìsì Náà Mú Mi Lóòótọ́?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yàn láti dáhùn lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì wá láti agbègbè Ìkòròdú, bí ẹni pé àwọn tó kọ wọ́n jọ gbìmọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ hipinọ́sìsì ni wọ́n ń bi mí, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú tí oníṣègùn fi ń lo ọ̀rọ̀ ẹnu láti kó ọkàn ènìyàn jọ sójú kan, kí ó lè gba àbá tí wọ́n bá fún un. Ẹni tó ti ń ka abala yìí tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ nìkan ni n ó sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Aránṣọ ni mí ní Sábó, ní Ìkòròdú, mo sì ti pé ẹni ọdún 48. Eyín ẹ̀yìn kan ti ń dà mí láàmú láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí n lè jókòó sórí àga dókítà eléyín; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde sá jáde. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, ó ní òun kọ́ hipinọ́sìsì mọ́ iṣẹ́ eyín, òun á sì lò ó fún mi kí ẹ̀rù náà lè rọlẹ̀. Ó ní kí n tẹjú mọ́ àmì kan lókè àjà, kí n máa mí díẹ̀díẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé ìpéǹpéjú mi ń wúwo, pé ọwọ́ ọ̀tún mi ń fúyẹ́ bíi pé wọ́n so bàlúùnù mọ́ ọn. Ọwọ́ náà gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo lè gbé e sílẹ̀ bí mo bá fẹ́. Mi ò kàn fẹ́ ni. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, mo sì gbọ́ ohùn ẹlẹ́kọ tó ń kiri níta. Mi ò sùn rárá. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, mo mọ̀ ọ́n, ó yọ eyín náà, mi ò sì gbọ̀n. Nígbà tí mo lajú, mo rò pé bí ìṣẹ́jú 10 ló kọjá, àfi bí mo ṣe wo aago tí mo rí i pé ó ti tó ìṣẹ́jú 40. Bàbá Tóyìn ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹni tí kò sùn, kí ni wọ́n ṣe fún un, pé wọ́n kàn gba owó mi ni. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ní kí n lọ gbààwẹ̀, nítorí pé mo ti ṣí ọkàn mi sílẹ̀ fún ẹ̀mí àjèjì. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun wà nínú hipinọ́sìsì, báwo ni ó sì ṣe máa ń rí lára? — Ìyá Tóyìn, Sábó, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu eyín o, Ìyá Tóyìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, ẹ̀ẹ̀kejì sì ni mo rí i pé ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín láì fura. Ọwọ́ tó gbéra, àkókò tó sáré kọjá lórí yín, ẹ̀rù tó wà nítòsí ṣùgbọ́n tí kò rí yín gbé ṣe mọ́: àwọn ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ohùn ẹlẹ́kọ tó ń da yín láàmú kò tako ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó wà nínú hipinọ́sìsì ń gbọ́ràn. Bí kò bá gbọ́ràn, ibo ni yóò ti gbọ́ àbá tí dókítà ń fún un?

Orúkọ ló ṣi gbogbo ayé lọ́nà. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Manchester, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1843, inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun ni ó sì ti fà á yọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ rí i pé oorun kọ́ ni, pé ọkàn tó dúró lórí ohun kan ṣoṣo ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ti hàn pé ọpọlọ ẹni tó wà nínú hipinọ́sìsì kò jọ ti ẹni tó sùn, bí kò ṣe ti ẹni tó wà lójúfò tó sì fara balẹ̀. Bí Bàbá Tóyìn bá tún rẹ́rìn-ín pé ẹ kò sùn, ẹ dá a lóhùn pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo ará Ìkòròdú mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Mile 12 nírọ̀lẹ́, orí kó yín yọ ẹ rí àyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ sì gbà yín lọ́kàn. Nígbà tí ẹ ó fi mọ̀, ẹ ti dé Gáréèjì, ẹ kò sì lè sọ ìgbà tí ẹ kọjá lórí afárá Majídùn. Ẹ kò sùn o. Bí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí àpò yín lójú ọ̀nà, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkàn yín ló lọ jókòó síbì kan, tí ìyókù ayé sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ tún mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń fi ọwọ́ to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ ìyàwó, rédíò á máa sọ̀rọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ, ẹ kò sì ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ọkọ̀ àti nídìí aṣọ, ọkàn yín ló dá lọ; lórí àga dókítà, ohùn ẹnì kan ló fà á lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ sì yọ̀ǹda.

Ní ti bí ó ṣe ń rí lára, ẹnu àwọn tó ti ṣe é kò kò. Àwọn kan ní apá àti ẹsẹ̀ àwọn wúwo bí ẹni pé tìmùtìmù ń fà wọ́n wọlé. Àwọn mìíràn ní àwọn fúyẹ́, pé ṣe ni àwọn ń léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ èèkàn ní Èbúté Ìpakodò, tí omi ń mì jẹ́jẹ́ tí kò sì lọ síbì kankan. Àtẹ́lẹwọ́ lè móoru. Èémí máa ń falẹ̀, ojú á rọ̀, ìpéǹpéjú sì lè máa gbọ̀n kí ó tó pa dé. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè dà bí èyí tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tàbí kí ó dà bí ẹni pé inú orí ẹni gan-an ló ti ń jáde. Ẹlòmíràn kò sì ní rí nǹkan kan ju ìfarabalẹ̀ lásán lọ, irú èyí tí ènìyàn ń rí nígbà tó bá wẹ̀ tán lálẹ́, tí iná wà, tí fáànù sì ń fẹ́.

Ó dára kí ẹ mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tó kàn dùbúlẹ̀ sinmi náà lè rí i lára. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Éva Bányai àti Ernest Hilgard, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi èyí hàn kedere. Dípò kí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀, wọ́n gbé wọn gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á, kí wọ́n la ojú sílẹ̀, àbá tí wọ́n sì ń fún wọn ni pé ara wọn ń yá gágá, pé ọkàn wọn ń jí sí i. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí gba àbá bí àwọn tó rọ ara sílẹ̀ ti ń gbà á. Nítorí náà, ìfarabalẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan tó dára láti gbà wọlé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ilé.

Ọwọ́ yín tó gbéra ni kí a padà sí. Bí mo bá ní kí ẹ gbé ọwọ́ sókè báyìí, ẹ ó gbé e, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbé e. Ẹ wá wo ohun tí ẹ kọ sí mi: “ọwọ́ náà gbéra.” Ẹ kò kọ ọ́ pé “mo gbé ọwọ́.” Èdè yín ti ṣe ìyàtọ̀ náà kí ẹ̀yin tó ronú kàn án. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá gan-an nìyí: kí ara ṣe ohun tí àbá sọ, kí ó sì dà bí ẹni pé ó ń ṣe ara rẹ̀, láì jẹ́ pé ẹni tó ni ara ń tì í. Pé ẹ mọ̀ pé ẹ lè gbé ọwọ́ náà sílẹ̀ kò bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ gbólóhùn yín yẹn, pé àwọn lè ṣe é, àwọn kàn kò fẹ́ ni, n kò sì lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé mo ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́, olùkọ́ wa kan ní kí n jáde síwájú kíláàsì. Ó ní kí n di ojú, kí n fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ títí tó fi sọ pé ìka náà ti lẹ̀ pọ̀, pé n kò lè yà wọ́n. Mo sọ nínú ara mi pé irọ́ ló ń pa. Mo fẹ́ yà wọ́n. Ìka kò dáhùn. Kò dùn mí, kò sì bà mí lẹ́rù. Ó kàn ń ṣe mí ní kàyéfì bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí n yà. Ẹ̀yìn ìgbà tó ní kí ó rọ̀ ni ó rọ̀. Bí mo ṣe lajú, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún gbogbo kíláàsì ni pé kò mú mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ kíláàsì kejì wá yọjú.

Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè so mọ́ apá ènìyàn láti fi mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fún ènìyàn ní àbá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ka iye tó gbà. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, André Weitzenhoffer àti Hilgard tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní ọdún 1959, ìdánwò 12 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì tún gbé òmíràn tó le díẹ̀ sí i jáde ní ọdún 1962. Èyí tó rọrùn níbẹ̀ ni kí apá tó nà síwájú máa wúwo, kí ó sì máa lọ sílẹ̀. Èyí tó le ni kí ènìyàn gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ tí yóò mú un rántí. Nínú ti ọdún 1962, wọ́n á sọ fún ènìyàn pé ẹ̀fọn kan ń fò yí i ká, wọ́n á sì máa wò ó bóyá yóò lé e. (Ní Ìkòròdú níbí, n kò mọ bí a ó ṣe máàkì ìdánwò yẹn, nítorí pé ẹ̀fọn gidi kò ní jẹ́ kí a dá èyí tí àbá mú wá mọ̀.) Nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 10 sí 15 ló ń gba àbá dé ìparí, iye tó sún mọ́ ọn ni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà rárá, àwọn tó kù sì wà láàárín. Ààrin yẹn ni mo rò pé ẹ̀yin wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tàbí ọlọ́gbọ́n. Àwọn tó ń gbà á dáadáa sábà máa ń jẹ́ irú ènìyàn tí ìtàn tàbí orin lè gbé lọ pátápátá, tí wọn kò ní mọ̀ pé ọbẹ̀ ń jóná.

Ní ti àkókò, ohun tó ṣe yín ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n á ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kọjá, aago á sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà ló wù mí láti fẹ̀, nítorí pé ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tó wọlé, ẹ kò sì gbọ̀n. Apá méjì ni ìrora ní. Ọ̀kan ni bí nǹkan náà ṣe múná tó. Èkejì ni bí ó ṣe ń ni ọkàn ẹni lára tó. Ní ọdún 1997, Pierre Rainville àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ti ọwọ́ bọ omi tí ìgbóná rẹ̀ tó ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọn kò yí omi náà padà. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yí padà. Wọ́n á fi hipinọ́sìsì dá a lábàá pé ìnira omi náà ń dín kù, nígbà mìíràn wọ́n á ní ó ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ sì ń ya àwòrán ọpọlọ wọn. Apá ọpọlọ tó ń ṣírò bí ohun tó kan ara ṣe rí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Apá mìíràn, tó jẹ mọ́ ìnira tí ìrora ń mú bá ọkàn, ń lọ sókè sódò bí àbá ṣe wí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lórí àga yẹn kò jìnnà sí èyí, bí mo ti ń wò ó: abẹ́rẹ́ wọlé, ìròyìn rẹ̀ dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò bá ìpayà nílé. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dánwò. Láti ọdún 1845, nígbà tí oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun kò tíì dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ni James Esdaile, oníṣẹ́ abẹ mìíràn tó jẹ́ ọmọ Scotland, ti ń lo irú ọ̀nà yìí ní Íńdíà láti gé ìpá ńláńlá kúrò lára àwọn ọkùnrin. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìtọ́jú ní ọdún 1955, ti Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1958. Mi ò ní kí ẹ máa kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ o. Dókítà yín ṣe dáadáa bí ó ṣe lo méjèèjì pọ̀.

Arábìnrin yín ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rò pé agbára àìrí kan ló ń ṣiṣẹ́. Franz Anton Mesmer, dókítà tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Vienna kí ó tó kó lọ sí Paris, gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ní agbára kan bí omi tí ojú kò lè rí ń ṣàn nínú ohun gbogbo, pé òun lè fi wo aláìsàn, òun sì lè kó o sínú igi. Ní ọdún 1784, ọba ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, Benjamin Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, sì wà nínú wọn. Nínú ọgbà Franklin ní Passy, nítòsí Paris, wọ́n jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn Mesmer kan fi agbára náà sára igi kan ṣoṣo, wọ́n wá fi aṣọ di ojú ọmọkùnrin ẹni ọdún 12 kan, wọ́n sì ń mú un lọ láti ìdí igi kan sí èkejì. Nídìí igi kẹrin ni ọmọ náà ti dákú, igi tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan sí lára. Ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ pé agbára àìrí kò sí níbẹ̀, pé ohun tí ènìyàn ń fojú inú wò tó sì ń retí ni ó ń gbé e ṣubú. Ẹ gbààwẹ̀ bí ó bá wù yín, Ìyá Tóyìn, nítorí pé ààwẹ̀ kì í ṣe ohun búburú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí eyín tí wọ́n yọ.

Ohun kan kù tí ẹ kò bi mí. Ẹnikẹ́ni kò há sínú hipinọ́sìsì rí. Bí dókítà bá dìde jáde tí kò padà wá, ẹ ó lajú fúnra yín, tàbí kí ẹ sùn oorun gidi kí ẹ sì jí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó gbàgbọ́ pé wọ́n ń darí èrò òun láti ibòmíràn, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún òun láì kọ́kọ́ rí dókítà ọpọlọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ní Gáréèjì Ìkòròdú, ọkùnrin kan bi mí léèrè ọ̀nà Ìmọ́tà, ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká. Obìnrin kan dá sí ọ̀rọ̀ wa, wọ́n ní àwọn rí àpò kan tí dọ́là kún inú rẹ̀, àwọn ń wá ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run tí yóò bá àwọn pín in. Kí wákàtí kan tó pé, mo ti gba ₦85,000 jáde lọ́dọ̀ oní-POS, mo kó o fún wọn. Gbogbo ilé ló ń sọ pé hipinọ́sìsì ni wọ́n ṣe fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ọmọ Ìgbógbó, ẹni ọdún 23.

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Owó náà pọ̀, ojú sì ń tì ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n hipinọ́sìsì tí mo mọ̀ kì í gba èjìká wọlé. Ó gba àkókò, ó gba ibi tó pa rọ́rọ́, ó sì gba kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún jókòó kí ó sì gbà. Ní Gáréèjì tí agbèrò ń pariwo lọ́tùn-ún lósì, kò sí dókítà tó lè fi ọwọ́ kan ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kí ó sì máa darí rẹ̀ fún wákàtí kan.

Kí ló wá mú ọ? Ní ọdún 1965, àwọn olùwádìí méjì, Martin Orne àti Frederick Evans, tẹ ìwádìí kan jáde tó yẹ kí o gbọ́. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn díẹ̀ tó wà nínú hipinọ́sìsì mú ejò olóró, kí wọ́n ti ọwọ́ bọ ásíìdì, kí wọ́n sì dà á sí ẹnì kan lójú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣètò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí, ìbẹ̀rù ìbá mú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú àwọn mìíràn tí kò sí nínú hipinọ́sìsì, wọ́n ní kí wọ́n kàn díbọ́n, àwọn náà sì ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ó dá àwọn lójú pé àwọn olùwádìí kò ní jẹ́ kí aburú ṣẹlẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn náà ni àwọn gbájúẹ̀ fi mú ọ: ẹnì kan bi ọ́ léèrè ọ̀nà, o ràn án lọ́wọ́, o sì ti di ènìyàn rere lójú ara rẹ, ẹnì kejì tí kò jọ pé ó mọ ẹni àkọ́kọ́ wá jẹ́rìí sí i, wọ́n sì ń yára kí o má baà rí àyè pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Pé ojú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là nígbà tí wọ́n lọ tán kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ẹni tí ìrètí àti ìkánjú jọ dì mú.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fún ọ ní nǹkan jẹ tàbí mu, tí o kò sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: oògùn lè wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn sì ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ rántí gbogbo rẹ̀ títí dórí iye owó. Lọ fi tó ọlọ́pàá àti báńkì rẹ létí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé ìwòyí. Owó àjọ tí mo kó lóṣù tó kọjá ti pòórá nínú ilé, mi ò sì lè sùn mọ́ lálẹ́. Ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó mú un. Ṣé bí wọ́n bá ṣe hipinọ́sìsì fún mi, mo lè rántí ẹni tó wọ yàrá lọ́jọ́ náà? — Ìyá Ìbejì, Èbúté, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, Ìyá Ìbejì. Ohun tí hipinọ́sìsì ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ohun tí a ń fojú inú wò hàn kedere bí ohun tí a fi ojú rí, kò sì ní sọ èwo ni èwo fún yín. Ẹ ó jókòó, wọ́n á ní kí ẹ padà sí ọjọ́ náà, ẹni tí ọkàn yín ti ń lọ bá ni ẹ ó sì rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Nígbà tí ẹ bá lajú, yóò dá yín lójú ju bí ó ti dá yín lójú tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 1985 pé ohun tí ènìyàn bá rántí nínú hipinọ́sìsì kò ṣeé gbára lé ju èyí tó rántí láìsí i lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ níbẹ̀ kì í sì í gbà á wọlé bí ẹ̀rí.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ gba àjọ náà sínú ìwé, láti ìgbà tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ alájọ títí ẹ fi sùn, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lọ bá ẹni tó mọ hipinọ́sìsì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ nítorí oorun tí ẹ kò rí sùn, nítorí pé ìyẹn wà lára ohun tó lè bá yín gbé yẹ̀ wò. Ẹ sì sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ó má bi yín ní ìbéèrè kankan nípa owó.